Ọdún Inú Ilẹ̀ àti Ọdún Inú Àgbá: Ìfiwéra Tẹ̀kílà àti Wísíkì fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ìgò Ọ̀wọ́n

Ìgò méjì ni mo gbé síwájú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjàpọ̀, nílùú Àkúrẹ́, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Wísíkì Scotland tó lo ọdún 18 nínú àgbá ni ọ̀kan. Èkejì jẹ́ tẹ̀kílà tí kò lò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ nínú tirẹ̀. Iye tí mo ra àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bàbá wọ awò ojú wọn, wọ́n ka ara ìgò kìíní, wọ́n ka ti èkejì, wọ́n sì gbé e kalẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹni ọdún méjìdínlógún àti ọmọ ọdún kan, owó kan náà kẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká tọ́ wọn wò ná, Bàbá."

Bàbá ti se ògógóró fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìhà Òkìtìpupa kí eegun ẹ̀yìn tó ní kí wọ́n sinmi. Wọn kì í fi ẹnu nìkan tọ́ ọtí wò. Wọ́n kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ọwọ́ kejì ra á títí ó fi gbẹ, wọ́n wá gbé àtẹ́lẹwọ́ náà súnmọ́ imú. "Igi ló ń sọ̀rọ̀ níbí," wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa wísíkì. Nígbà tó kan tẹ̀kílà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èyí, ohun tí wọ́n fi pọn ọ́n ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Bí ògùrọ̀ ṣe máa ń wà nínú ògógóró tó bá dáa nìyẹn."

Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bi mí léèrè èyí tí kí àwọn rà, iye ọdún ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè náà tọ̀nà tó bá jẹ́ wísíkì. Tí wọ́n bá gbé e lọ sídìí tẹ̀kílà, yóò ṣì wọ́n lọ́nà, torí ibi tí ọtí méjèèjì ti ń gbó yàtọ̀. Inú àgbá ni wísíkì ti ń gbó. Tẹ̀kílà ti gbó nínú ilẹ̀ kó tó fojú kan àgbá.

Kí àgbá tó dé

Ọkà báálì tí wọ́n fi ń ṣe wísíkì Scotland kì í lò tó ọdún kan lóko. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kó hù díẹ̀, bí àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe máa ń jẹ́ kí àgbàdo hù, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pọn ọ́n, wọ́n á wá sè é nínú ìkòkò bàbà. Ohun tó ń kán jáde mọ́ gaara bí omi, ó sì ń ta lẹ́nu. Kò tíì sí ẹni tó máa pè é ní wísíkì lọ́jọ́ náà. Àgbá ló máa fún un ní àwọ̀, ló máa fún un ní òórùn, ló máa pa oró rẹ̀.

Ẹ wá wo ti Mẹ́síkò. Agave aláwọ̀ búlúù nìkan ni òfin gbà fún tẹ̀kílà, ìpínlẹ̀ Jalisco àti apá kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn sì ni òfin ní kó ti wá. Ewéko yìí máa ń wà lóko fún bí ọdún 6 sí 8 kó tó gbó. Ó jọ ọ̀pẹ òyìnbó ńlá tó gúnwà sílẹ̀. Kódà piña, tó túmọ̀ sí ọ̀pẹ òyìnbó lédè Spanish, ni wọ́n ń pe àárín rẹ̀ tí wọ́n ń kórè. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́, jimador, máa ń fi irin mímú róbótó tó wà lẹ́nu igi gígùn gé gbogbo ewé rẹ̀ dànù. Èyí tó bá tóbi lè wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agave ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Tó bá ti yọ ọ́ tán, ó kú. Igi ògùrọ̀ inú àbàtà wa náà rí bẹ́ẹ̀: ìgbà tó bá fẹ́ tanná ni adẹ́mu ń gùn ún, torí gbogbo adùn tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí wá ló fẹ́ ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ Mẹ́síkò máa ń gé ọ̀pá òdòdó náà ní kùtùkùtù kí adùn má bàa bá a lọ. Bàbá kò gbọ́ orúkọ Jalisco rí, àmọ́ wọ́n mọ irú ọtí tí wọ́n ń mu. Tí a bá ṣírò láti ọjọ́ tí wọ́n gbin agave, ìgò "ọmọ ọdún kan" tí mo gbé wá ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Òfin tó de àgbá lọ́tùn-ún àti lósì

Ní Scotland, ọtí gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá igi óákù tí kò gba ju lítà 700 lọ, lórí ilẹ̀ Scotland fúnra rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye ọdún tí ẹ bá rí lára ìgò jẹ́ ti ọtí tó kéré jù lọ nínú àdàlù náà, kì í ṣe ti èyí tó dàgbà jù. Ọdún 3 náà ni ti Ireland. Bourbon, wísíkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àgbàdo tó tó ìdá 51, àgbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun tí wọ́n ti fi iná jó nínú. Tí ẹ bá rí "straight" lára rẹ̀, ó ti lo ọdún 2 ó kéré tán. Tí ẹ bá rí "Bottled in Bond", òfin 1897 ló de ìyẹn: ọdún 4, ilé ìṣe-ọtí kan, àsìkò kan, agbára ìdá 50.

Tẹ̀kílà kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ìgbà tó lò nínú àgbá ló sì ń fún un lórúkọ. Blanco kì í pẹ́ nínú àgbá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì wọ inú àgbá rárá. Reposado ń lo oṣù 2 ó kéré tán. Añejo ń lo ọdún kan nínú àgbá tí kò ju lítà 600 lọ. Extra añejo, tí wọ́n dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ní 2006, ń lo ọdún 3. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí tẹ̀kílà ti dé orí àtẹ̀gùn ni wísíkì Scotland ti ń gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ àgbá yìí ni pé ẹbí kan ni wọ́n. Nígbà tó jẹ́ pé àgbá tuntun ni bourbon gbọ́dọ̀ máa lò, àgbá tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀kan ní Kentucky, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń di títà. Àwọn ará Scotland ń rà á, àwọn ará Jalisco náà ń rà á. Ó ṣeé ṣe kí àgbá méjì tó jọ kúrò nílé kan náà pínyà, kí ọ̀kan lọ gbé wísíkì nínú òtútù fún ọdún 15, kí èkejì lọ gbé tẹ̀kílà nínú oòrùn fún oṣù 14. Oòrùn náà ló sì fa ìyàtọ̀. Ní Scotland, bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí inú àgbá ló ń gbẹ dànù lọ́dún. Ní Jalisco, ó ń gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọtí sì ń fa adùn igi kíákíá. Ẹni tó bá ti sá kòkó rí ní Oǹdó mọ̀ pé ohun tí oòrùn Ẹrẹ̀nà ń ṣe lọ́jọ́ mẹ́rin, oòrùn àsìkò òjò kò lè ṣe é lọ́sẹ̀ kan.

Èrò tèmi nìyí, mo sì dúró lé e: tí tẹ̀kílà bá ti kọjá ọdún mẹ́rin sí márùn-ún nínú àgbá, igi ti ń bo agave mọ́lẹ̀. Àwọn kan wà tó mú un dáadáa. El Tesoro Paradiso, tó lo ọdún 5 nínú àgbá tí wọ́n ti fi ṣe cognac, ọtí líle ilẹ̀ Faransé, ṣì jẹ́ kí agave fọhùn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ extra añejo tí mo ti tọ́ wò ń sá tẹ̀lé wísíkì. Ẹni tó bá fẹ́ wísíkì, kó ra wísíkì. Kò sí ìdí tí èèyàn fi máa sanwó agave ọlọ́dún méje kó tó wá fi pákó bò ó.

Nígbà tí ìgò bá ṣí

Ẹ má fi asun bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé Oǹdó ni wọ́n ti ń sun asun tó dáa jù lọ, mo sì mọ̀ pé kò sí àpèjọ wa tí àwo rẹ̀ kì í ti kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ata rẹ̀ máa pa ahọ́n fún wákàtí kan. Orógbó burú jù ú lọ, ìkorò rẹ̀ kì í tètè lọ. Obì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ iyán díẹ̀ tàbí búrẹ́dì kí inú má bàa ṣófo, ẹ fi omi ṣan ẹnu, kí asun dúró de ẹ̀yìn.

Ife tó yẹ ni èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì há. Ife wáìnì kékeré máa ṣe é. Ife ṣọ́ọ̀tì kò wúlò, torí kò gba imú. Ooru Àkúrẹ́ lóṣù Ẹrẹ̀nà máa ń jẹ́ kí oró ọtí ta sókè kí òórùn rẹ̀ gangan tó dé, nítorí náà mo máa ń bu omi inú àmù sínú ọpọ́n, mo sì máa ń gbé ìgò jókòó síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mi ò jẹ́ fi í sínú fíríjì. Yìnyín ń pa ẹnu ọtí mọ́ ni, ohun tí ẹ sì fowó ńlá rà kì í ṣe kó dákẹ́. Ẹ má ti imú bọ ife. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ẹ la ẹnu díẹ̀, ẹ jẹ́ kí òórùn náà gòkè wá bá yín.

Nínú añejo tó dáa, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni ọ̀dùnkún tí wọ́n sun nínú eérú gbígbóná, lẹ́yìn náà oyin. Ìyẹn ni agave fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti sè pẹ́ nínú ilé ìdáná oníbíríkì. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ata ìyèré ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ló yẹ kí àgbá wọlé pẹ̀lú fánílà àti ṣúgà jíjó. Tí fánílà bá ṣáájú, tó sì dùn bí kéèkì ọjọ́ ìbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo máa ń ṣe ohun tí Bàbá ṣe: kí n ra á mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọtí gidi á gbẹ, ọwọ́ á sì mọ́. Èyí tí wọ́n fi adùn sí á lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Wísíkì fẹ̀ ju èyí lọ. Èyí tó wá láti inú àgbá bourbon ní Speyside, agbègbè kan ní Scotland, bíi Glenfiddich, fẹ́ jọ ápù, oyin àti bísíkíìtì. Èyí tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá tó ti gbé wáìnì sherry ilẹ̀ Sípéènì rí, bíi Glenfarclas, kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Oǹdó láti dá mọ̀: òórùn kòkó ni, lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ti sá a sórí ẹní, pẹ̀lú dàbínù gbígbẹ. Bourbon Kentucky ń rùn bí àgbàdo sísun tí wọ́n da ṣúgà jíjó lé, igi rẹ̀ sì nípọn ju ti Scotland lọ, torí pé àgbá tuntun ni.

Ó wá ku ti Islay. Erékùṣù kan ni ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Wọ́n ń wa ilẹ̀ àbàtà tó jẹ́ ewéko jíjẹrà ayé àtijọ́, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń fi èéfín rẹ̀ gbẹ báálì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí Lagavulin 16, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ dìde lórí àga. Ó ní ẹ̀yìn ilé ìyá òun nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Òótọ́ ni. Ẹja yíyan, omi òkun, àti nǹkan kan tó jọ áyódínì ilé ìwòsàn. Àwọn kan á kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹja gbígbẹ Ìlàjẹ bá ń wù ní tirẹ̀ á fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé wísíkì aládùn ló sàn jù.

Nítorí èéfín yẹn, ìgbẹ̀yìn ni kí Islay wá. Tẹ̀kílà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mu, kí wísíkì tí kò ní èéfín tẹ̀ lé e. Irú mẹ́rin ti tó fún alẹ́ kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ẹnu méjì sí mẹ́ta lọ, kí ẹni tó máa wakọ̀ sì máa gbóòórùn nìkan. Ẹ kán omi díẹ̀ sínú wísíkì tó bá ju ìdá 46 lọ. Ó máa ń là bí ojúmọ́. Tẹ̀kílà kì í sábà nílò rẹ̀.

Ọ̀wọ́n méjì

Wísíkì ń di ọ̀wọ́n nítorí ọjọ́ orí, tàbí nítorí pé ilé tó ṣe é ti kógbá sílé. Port Ellen ní Islay tì ní 1983, kò ṣí padà títí di 2024. Ohun tó kù nínú àgbá rẹ̀ àtijọ́ ń dín kù lọ́dọọdún, owó rẹ̀ sì ń lọ sókè. Ní oṣù kọkànlá 2023, ìgò Macallan 1926 kan lọ ní ohun tó ju mílíọ̀nù 2 pọ́ọ̀nù lọ ní gbàǹjo Sotheby's ní London.

Ti tẹ̀kílà yàtọ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n ni ilẹ̀ àti ọwọ́. Tequila Ocho máa ń kọ orúkọ oko tí agave ti wá àti ọdún ìkórè sára ìgò, oko kan lẹ́ẹ̀kan, tí èyí bá sì ti tán, ó tán. Fortaleza ṣì ń fi òkúta ńlá kan tó ń yí, tahona, lọ agave tí wọ́n ti sè, bí ọlọ ìyá àgbà ṣe ń lọ ata láìjó o bí ẹ̀rọ. Àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń wá. Mi ò ní pa á mọ́ pé Don Julio 1942 àti Clase Azul ni gbogbo àríyá wa mọ̀. Añejo gidi ni 1942. Reposado olóṣù 8 ni Clase Azul tí wọ́n ń tà jù, ìgò amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ kùn lọ́dà sì rẹwà, àmọ́ ẹ rántí pé owó ìgò wà nínú owó ọtí.

Kíka ara ìgò, àti sísá fún ayédèrú

Lára tẹ̀kílà, ẹ wá "100% agave". Tí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdá 51 péré nínú ṣúgà rẹ̀ ló ti inú agave wá. Ẹ wá NOM pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin. Nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí ilé tó ṣe é, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ilé kan náà ló ń ṣe ogún irú ọtí mìíràn. Òfin Mẹ́síkò gbà kí wọ́n fi àwọ̀, adùn igi, gílísẹ́rìn àti omi ṣúgà sí i láìkọ ọ́ sára ìgò, bí kò bá ti kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Scotland gba àwọ̀ ṣúgà jíjó nìkan. Straight bourbon kò gba ìkankan ju omi lọ. Nítorí náà, àwọ̀ dúdú kì í ṣe ẹ̀rí ọjọ́ orí; nínú straight bourbon nìkan ló dájú pé inú àgbá ni àwọ̀ ti wá.

Ayédèrú ti jẹ mí níyà. Nígbà tí àbúrò mi ń ṣe ìdána, mo ra ìgò wísíkì kan ní ṣọ́ọ̀bù kan nílùú yìí. Páálí rẹ̀ pé, ìdérí rẹ̀ dán. Bàbá ra á mọ́ ọwọ́, wọ́n ní: "Ẹ gbé e kúrò níbí." Àwọ̀ àti oró ló kù, igi kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí mo wá wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò, kò bá ti ara páálí mu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wò ó kí n tó sanwó, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC, ibi tí ọtí dé lọ́rùn ìgò, àti bóyá ìdérí ti yí rí. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti owó nìkan. Ní oṣù kẹrin 2015, ní agbègbè Ìrèlè níbí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọtí tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, kẹ́míkà olóró kan, wọ̀ pa ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Imú kì í dá mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ̀, ahọ́n kì í dá a mọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá pàápàá kò lè dá a mọ̀. Ẹni tí ẹ mọ̀, tó ń tà nílé tí ẹ mọ̀, ni kẹ́ ẹ ti ra ọtí. Tẹ́ ẹ bá mu ìgò ọ̀wọ́n tán, ẹ ya ìwé ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù, torí àwọn kan ń ra òfìfo ìgò àti páálí lẹ́yìn àríyá.

Ta ni kó ra èwo?

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ta àgbà kan lọ́rẹ, tí ẹ sì fẹ́ kí nọ́ńbà ara ìgò bu ọlá fún un kó tó ṣí i, wísíkì Scotland ọlọ́dún 15 tàbí 18 ni. Ẹni tó dàgbà sídìí ẹmu àti ògógóró, añejo tàbí reposado tí wọ́n sè nínú ilé ìdáná bíríkì á yé e ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹni tó ń fẹ́ adùn tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, bourbon "Bottled in Bond" ni mo máa ń tọ́ka sí. Òfin ti ṣọ́ ọ fún un. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú ìgò fún ogún ọdún, kó ra wísíkì, kó sì mọ̀ pé ọtí méjèèjì kì í dàgbà mọ́ tó bá ti wọ ìgò. Kó dá a dúró, kó má dá a dùbúlẹ̀, torí ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì, kó sì gbé e jìnnà sí oòrùn.

Ìgò tó bá ti ṣí, tó sì ti dé ìdajì, kò yẹ kó ju oṣù mélòó kan lọ, torí afẹ́fẹ́ ń jí òórùn rẹ̀ kó. Tẹ̀kílà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti dé ìdajì. Bàbá ní kí n máa gbé e bọ̀ ní Òkìtìpupa nígbà Kérésì, àwọn á ní kí adẹ́mu gbé ògùrọ̀ tuntun wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a jọ tọ́ méjèèjì wò.